Bí Tábà Yóò Ṣe Kásẹ̀ Nílẹ̀ Láàárín Wa
(Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn kan bá àwọn ará sọ ní yàrá ìkàwé abúlé)

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè korò létí àwọn kan nínú yín. Ọ̀rọ̀ tábà ni. Mo mọ̀ pé láàárín àwa tí a jókòó síhìn-ín, a lè rí ẹni tí aṣáà wà nínú àpò rẹ̀, a lè rí ẹni tí sìgá wà nínú tirẹ̀, bóyá a sì tún lè rí ẹni tí ó jẹ́ pé owó tábà ni ó fi rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. N kò wá láti bú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìròyìn ni pé kí ó sọ ohun tí òfin wí, kí ó sọ ohun tí àwọn tí ń jà fún ìlera ará ìlú ń béèrè, kí ó sì sọ ohun tí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ lọ́rùn ń wí pẹ̀lú, kí olúkúlùkù lè fi làákàyè tirẹ̀ ṣe ìdájọ́.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ti ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ara mi. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń gbé. Ènìyàn rere ni bàbá náà. Òun ni ó san owó ilé-ìwé mi. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn sìgá púpọ̀. Ní ìdájí, kí ó tó bọ́jú, yóò ti pè mí pé, "Tètè lọ bá mi ra ọ̀pá méjì wá." Èmi a sì sáré tọ ìyá kan lọ tí ó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé wa, ìyá náà a ṣí páálí, a ka méjì lé mi lọ́wọ́. Bí ìṣáná kò bá sí nílé, bàbá a ní kí n lọ fi ẹ̀yinná ààrò tàn án wá. Kí iná náà má bàa kú lójú ọ̀nà, mo ní láti máa fà á díẹ̀díẹ̀ bí mo ti ń bọ̀. Báyìí ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe kọ́ sìgá fífà: kì í ṣe nítorí pé ó ya ìpátá, bí kò ṣe nítorí pé ó jẹ́ ọmọ tí ń gbọ́ràn.

Nígbà tí ó yá, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí bá bàbá náà jà. A ní òtútù ni. A ní ọ̀tá ni. A gbé e kiri. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ilẹ̀ ti ṣú: àrùn jẹjẹrẹ ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Èmi fúnra mi kò rí sìgá jù sílẹ̀ títí mo fi pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì fi í sílẹ̀ tí mo tún padà sídìí rẹ̀ kí n tó bọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára.

IBI TÍ TÁBÀ TI WÁ

Àwọn kan máa ń sọ pé ohun ìbílẹ̀ ni tábà, wọ́n sì ń tọ́ka sí ìkòkó àti aṣáà àwọn bàbá wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ewé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tábà. Kò dé apá ọ̀dọ̀ wa títí àwọn òyìnbó fi kọjá òkun lọ sí ilẹ̀ náà ní 1492. Ọ̀nà tí ó sì gbà wọlé kì í ṣe ọ̀nà iyì. Ní àkókò òwò ẹrú, àwọn oníṣòwò Pọ́túgà àti ti Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì a máa kó tábà tí kò dára tó èyí tí wọ́n ń tà ní Lisbon, wọn a lọ́ ọ bí okùn, wọn a fi omi dúdú inú ìrèké pa á lára kí ó má bàa gbẹ, wọn a sì fi ọkọ̀ gbé e wá sí etí òkun wa, ní Ouidah, ní Àjàṣẹ́, ní Àgbádárìgì àti ní Èkó. Ohun tí wọ́n fi ń rà padà lọ ni ọmọ ènìyàn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará mi: àwọn ìbátan wa tí ọmọ-ọmọ wọn wà ní Bàhíà títí di òní, ewé tí a ń jó di èéfín wà lára ohun tí a gbà lórí wọn.

Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ náà yí padà. Ní 1933 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sìgá kékeré kan sílẹ̀ ní Òṣogbo láti dán an wò; nígbà tí ọjà rẹ̀ yá, wọ́n kọ́ èyí tí ó tóbi jù ú lọ sí Ìbàdàn ní 1937. Ní 2003, ilé-iṣẹ́ British American Tobacco ṣí ilé-iṣẹ́ titun sí Ìbàdàn kan náà, owó tí wọ́n sì ní àwọn ná sí i tó mílíọ̀nù 150 dọ́là Amẹ́ríkà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ tábà ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ó wà ní àgbàlá wa ni a ń sọ: àgbẹ̀ rẹ̀ wà ní Òkè-Ògùn, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, oníbàárà rẹ̀ sì wà ní ibi gbogbo.

OHUN TÍ TÁBÀ Ń ṢE

N kò ní pẹ́ níbi èyí, nítorí ẹ ti gbọ́ ọ rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 7 ni tábà ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Ju mílíọ̀nù kan lọ nínú wọn ni kì í fa sìgá. Èéfín tí ẹlòmíràn tú jáde ni ó pa wọ́n. Nínú èéfín náà, ohun tí ó lé ní 7,000 ni àwọn onímọ̀ ti kà, àwọn tí ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ nínú wọn kò dín ní 69. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń ba ọkàn jẹ́, ó ń jẹ́ kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tètè mú ènìyàn, ó sì ń pa oyún inú lára. Aṣáà pẹ̀lú kò mọ́ lọ́wọ́: èyí tí a ń fín símú àti èyí tí a ń jẹ lẹ́nu, oró kan náà tí ń sọ ènìyàn di ẹrú rẹ̀ ni ó wà nínú wọn. Nikotíìnì ni àwọn dókítà ń pe oró yìí.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan ní 2012. Wọ́n rí i pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.5 àgbàlagbà ni ó ń lo tábà. Bí a bá kó 100 ọkùnrin jọ, 10 nínú wọn ni, bí a bá sì kó 100 obìnrin jọ, nǹkan bí ẹyọ kan ni. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní kò pọ̀. Àwọn tí ń jà fún ìlera náà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wí yàtọ̀. Wọ́n ní nítorí pé kò tíì pọ̀ náà ni ó fi yẹ kí a dìde nísinsìnyí. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Òfin tábà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Ní 1990, ìjọba ológun gbé àṣẹ kan jáde tí ó ka sìgá fífà léèwọ̀ ní àwọn ibi tí ará ìlú ń péjọ sí. Ní 2003, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi ohùn ṣọ̀kan lórí ìwé àdéhùn kan láti kápá tábà; Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2004, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2005. Sẹ́nátọ̀ Olorunnimbe Mamora láti ìpínlẹ̀ Èkó gbé àbá òfin kan kalẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà àti ti kékeré gbà wọlé ní 2011. Ṣùgbọ́n ààrẹ kò fọwọ́ sí i, àbá náà sì kú. Ẹ̀yìn ọdún mẹ́rin, ní oṣù Èbìbì 2015, ni Ààrẹ Goodluck Jonathan tó fọwọ́ sí òmíràn. Òun ni a ń pè ní Òfin Àkóso Tábà ti Orílẹ̀-Èdè. Ní 2019 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gba àwọn ìlànà tí a ó fi mú un ṣẹ wọlé. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ ṣáájú, ní 2014, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fa sìgá níwájú ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú ohun tí òfin 2015 náà wí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun kò gbọ́:

Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta tábà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Èkejì, a kò gbọdọ̀ ta sìgá lọ́pàá kọ̀ọ̀kan. Páálí tí a óò tà gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi, kí ọ̀pá inú rẹ̀ má sì dín ní 20.

Ẹ̀kẹta, ilé-iṣẹ́ tábà kò gbọdọ̀ polówó ọjà rẹ̀ fún ará ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi orúkọ rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ eré tàbí ayẹyẹ.

Ẹ̀kẹrin, ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ wà lára páálí, kí ó sì gba ìdajì ojú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, sìgá fífà di èèwọ̀ ní ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, inú ọkọ̀ èrò àti irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀.

Ẹ rí i pé bí òfin yìí bá ti wà nígbà tí mo jẹ́ ọmọdé, ìyá tí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé wa ì bá ti rú u lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan ṣoṣo: ó ta á fún ọmọdé, ó sì tú páálí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ènìyàn búburú. Ẹ wá sọ fún mi, ẹ̀yin ará: ní àdúgbò yín níhìn-ín, ṣé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò lè ra ọ̀pá méjì láàárọ̀ ọ̀la?

OHUN TÍ ÀWỌN AJÀFÚN-ÌLERA Ń BÉÈRÈ

Ibí gan-an ni ìjà wà. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wà láàárín wa. Environmental Rights Action wà lára àwọn tí ó kígbe títí òfin fi jáde. Ẹgbẹ́ Nigeria Tobacco Control Alliance kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ pọ̀ ṣọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ tí a ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí CAPPA, tí Ọ̀gbẹ́ni Akinbode Oluwafemi jẹ́ aṣíwájú rẹ̀. Bí a bá kó ẹ̀bẹ̀ wọn pọ̀, ohun kan ni ó wà nídìí rẹ̀: òfin tí a kọ sínú ìwé tí a kò mú lò kò yàtọ̀ sí ìlù tí a gbé kọ́ ara ògiri.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni owó-orí. Wọ́n ní kò sí ohun tí ń lé ọmọdé àti tálákà kúrò nídìí sìgá bí kí ó wọ́n. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ fi ₦1 lé orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn èyí tí wọ́n ti ń gbà lórí iye ọjà. Ní 2019 ó di ₦2. Ní 2020 ó di ₦2.90, èyí tí ó jẹ́ ₦58 lórí páálí tí ó ní 20 nínú. Àwọn ajàfún-ìlera yìn ín, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìrì ni, kì í ṣe òjò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ènìyàn bá ra sìgá ₦100, ó yẹ kí ₦75 nínú rẹ̀ jẹ́ owó-orí. Owó tiwa kò súnmọ́ ọn. Wọ́n tún ní bí owó ọjà gbogbo bá ń gòkè tí owó-orí sìgá dúró sójú kan, ńṣe ni sìgá ń di ọ̀pọ̀ sí i.

Èkejì ni owó iṣẹ́. Òfin 2015 dá àpò owó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ àkóso tábà: láti kọ́ ará ìlú, láti rán àwọn olùbẹ̀wò jáde, láti ran ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ yìí ti ké títí pé owó tí ń wọ àpò náà kéré jù. Wọ́n ní bí ẹnìkan bá gbé ọdẹ sí ẹnu-ọ̀nà tí kò sì fún un ní oúnjẹ, kò yẹ kí ó bínú bí olè bá wọlé.

Ẹ̀kẹta ni àwòrán. Wọ́n ní ìkìlọ̀ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí a bá ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti bàjẹ́ sára páálí, àgbẹ̀, awakọ̀ àti alápatà yóò kà á láì sí olùkọ́. Èyí wà nínú ìlànà 2019, wọ́n sì ń fẹ́ kí àwòrán náà máa tóbi sí i. Wọ́n ní títa sìgá lọ́pàá kọ̀ọ̀kan ń ba ìkìlọ̀ náà jẹ́ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó ra ọ̀pá kan kì í rí páálí.

Ẹ̀kẹrin ni ọjà titun. Ọgbọ́n àwọn olówò kò tán. Bí a ti ń dí ihò kan ni wọ́n ń gbẹ́ òmíràn. Síṣà wà ní àwọn ilé ìgbafẹ́ ìlú ńlá. Sìgá oníná mànàmáná náà wà, tí wọ́n fi òórùn èso dídùn sí kí ó lè wu ọmọdé. Àwọn ajàfún-ìlera ń fẹ́ kí òfin mú àwọn wọ̀nyí dáadáa, kí adùn àti òórùn náà sì di èèwọ̀. Ní oṣù Èbìbì 2024, àjọ tí ń yẹ fíìmù wò ní orílẹ̀-èdè yìí, pẹ̀lú àjọṣe CAPPA, kéde ìlànà láti dá fífi sìgá ṣe fáàrí dúró nínú fíìmù. Wọ́n ní ohun tí ọmọ bá rí lára akọni fíìmù, òun ni yóò lọ ṣe lẹ́yìn ilé.

Ẹ̀karùn-ún ni pé kí ilé-iṣẹ́ tábà má ṣe jókòó níbi tí a ti ń ṣe òfin tábà. Wọ́n ní a kì í pe ọ̀bọ sí ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ oko àgbàdo. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2023, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà kéde pé British American Tobacco yóò san mílíọ̀nù 110 dọ́là lẹ́yìn ìwádìí tí àjọ náà ṣe nípa ọ̀nà tí ó ń gbà ṣòwò. Lójú àwọn ẹgbẹ́ yìí, èyí fi hàn pé bí ìjọba bá pinnu, ọwọ́ rẹ̀ lè tó ẹni ńlá pẹ̀lú, kì í ṣe ìyá onígbá nìkan.

OHÙN ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ

Adájọ́ tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òun ni àgbà òṣìkà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹnu kejì.

Àwọn olówò ní ilé-iṣẹ́ sìgá ń gba ènìyàn síṣẹ́, ó sì ń san owó fún ìjọba. Wọ́n ní bí sìgá tí ó bófin mu bá wọ́n jù, ti onífàyàwọ́ ni yóò kún ìgboro, ìjọba yóò pàdánù owó, ará ìlú yóò sì máa fa èyí tí kò ní ìkìlọ̀ kankan lára. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo, nítorí a mọ bí ẹnubodè wa ti rí láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé apá Ṣakí. Èsì àwọn ajàfún-ìlera ni pé ẹnubodè ni a óò tún ṣe. A kì í torí pé olè wà kí a máa ta ilé ní ọ̀pọ̀. Ní ti owó, wọ́n ní ẹni tí ó bá ń ka ohun tí ó ń wọlé gbọ́dọ̀ ka ohun tí ń jáde: owó ilé ìwòsàn, ọjọ́ iṣẹ́ tí ó ṣòfò, àti ọmọ tí ó di aláìníbaba.

Èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti àgbẹ̀. Nígbà kan tí mo sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní Òkè-Ògùn, bàbá àgbàlagbà kan nawọ́, ó ní, "Ọmọ mi, o sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n tábà ni mo fi kọ́lé. Kí òjò tó rọ̀, wọ́n ti gbé ajílẹ̀ àti irúgbìn wá fún mi ní àwìn. Bí mo bá gbin ẹ̀gẹ́, ta ni yóò yá mi ní ajílẹ̀? Bí mo bá sì wú u tán, ta ni yóò rà á kí ó tó rà?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Nígbà tí ẹ bá ta tábà tán, tí wọ́n yọ owó ajílẹ̀ àti irúgbìn, ṣé ohun tí ó kù máa ń tó?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn ni wọ́n ń wo ewé, àwọn ni wọ́n ń sọ ipò tí ó wà, àwọn náà ni wọ́n ń sọ iye. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ hàn mí, ó ní bí ọmọ náà bá já ewé tábà ní òwúrọ̀ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, òòyì a máa kọ́ ọ, yóò sì máa bì. Mo ṣàlàyé fún un pé àìsàn tí àwọn dókítà mọ̀ ni: oró inú ewé tútù ń gba ara wọlé. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Mo ti máa ń rò pé ọ̀lẹ ni."

Ẹ̀yin ará mi, n kò lè gbàgbé gbólóhùn yẹn. Ó sì tún kù sí i: igi tí wọ́n ń gé láti fi dá iná tí ń gbẹ ewé náà kì í ṣe kékeré, igbó a sì máa lọ títí. Ìwé àdéhùn tí Nàìjíríà fọwọ́ sí sọ ọ́ gbangba pé kí ìjọba ran àgbẹ̀ tábà lọ́wọ́ láti bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn tí yóò mú owó wọlé. Àwọn ajàfún-ìlera ń béèrè èyí pẹ̀lú. Ní tèmi, mo gbà pé níbi tí a bá ti ní kí àgbẹ̀ ju tábà sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni kí a ti gbé ajílẹ̀ kájú, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹni tí yóò rà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni.

ṢÉ Ó LÈ TÁN PÁTÁPÁTÁ?

Ní ayé òde òní, àwọn orílẹ̀-èdè kan kò fẹ́ dín tábà kù mọ́. Wọ́n fẹ́ kí ó tán. Bhutan ka títa rẹ̀ léèwọ̀ ní 2004, ṣùgbọ́n fàyàwọ́ láti ilẹ̀ Íńdíà pọ̀ títí wọ́n fi ká èèwọ̀ náà kúrò ní 2021. New Zealand ṣe òfin ní 2022 pé a kò gbọdọ̀ ta sìgá fún ẹnikẹ́ni tí a bí láti 2009 wá, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìjọba titun dé, ó fagi lé e ní 2024. Ní 2024 kan náà ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Maldives ni ó mú tirẹ̀ ṣẹ: láti ọjọ́ kìíní oṣù Bélú 2025, ẹni tí a bí láti 2007 wá kò gbọdọ̀ ra tábà níbẹ̀.

Bí a bá fi àwọn ìtàn wọ̀nyí sí ìlẹ̀, èkíní kejì ni wọ́n ń kọ́ wa. Ẹni tí ó bá ní kí a ka tábà léèwọ̀ lọ́jọ́ kan, kí ó rántí Bhutan. Ẹni tí ó bá sì ní kò sí ohun tí a lè ṣe, kí ó wo Maldives. Ohun tí mo rí ni pé òfin tí kò ní gbòǹgbò nínú ọkàn ará ìlú, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni yóò wó o.

OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ TIWA

Ìjọba ní tirẹ̀ láti ṣe, ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin wà tí abúlé yìí lè ṣe láì dúró de ẹnikẹ́ni.

Kí a má rán ọmọ kankan lọ ra tábà mọ́. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ fà á, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Èyí nìkan, bí ó bá ti wà láyé ọmọdé mi, ì bá gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ìyà.

Kí ẹ̀yin ìyá tí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé gbé sìgá kúrò lórí igbá. Bùrẹ́dì, bisikíìtì àti ẹ̀pà tó láti tà fún ọmọdé. Kí ọba, baálẹ̀ àti àwọn olórí ẹgbẹ́ sì fi ẹnu sí i, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.

Kí ẹni tí kò tíì lè jáwọ́ máa jáde sí gbangba, jìnnà sí ìyàwó, aboyún àti ọmọ ọwọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ti èéfín tilẹ̀ burú ju ti hẹ̀rẹ̀huru lọ, nítorí àyà tiwa ni ó ń wọ̀.

Kí ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ má ṣe rò pé ó ti pẹ́. Láàárín ọdún kan tí ènìyàn bá fi í sílẹ̀, ewu àrùn ọkàn tí sìgá fi kún un yóò ti dín kù dé ìdajì. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ogójì ọdún yóò bọ́ nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú ewu ikú rẹ̀. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín, ẹ sọ fún un láì tijú. Ẹ sì sọ fún ẹnìkan nílé, kí ó lè máa rán yín létí. Bí ẹ bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹ dìde. Èmi ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ 31 oṣù Èbìbì lọ́dọọdún ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má dúró di ọjọ́ náà. Ẹ gbé e lọ sí ìpàdé abúlé. Ẹ bi aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ léèrè ohun tí ó ń ṣe nípa owó-orí tábà àti nípa ìrànlọ́wọ́ àgbẹ̀. Ìwé òfin kò lè rìn wá sí ọjà yín. Ẹ̀yin ni ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo ń ra sìgá fún kò mọ ohun tí ó ń ṣe, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un. Àwa ti gbọ́ báyìí.  Bí ìbéèrè bá wà, mo ti ṣe tán láti gbọ́ ọ, pàápàá láti ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ mi kò tẹ́ lọ́rùn. Ọlọ́run yóò fún gbogbo wa ní ìlera. Ó dàbọ̀ o.